Oníbéèrè, Ìyá Àwọn Asọ̀rọ̀ṣiṣẹ́

Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé iṣẹ́ ẹnì kan ni kó máa kọ ìbéèrè ìdánwò, ńṣe ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ìyẹn náà níṣẹ́? Ṣebí kéèyàn ṣáà ti béèrè ni!" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn obìnrin tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Oníbéèrè fún yín, kẹ́ ẹ tó tún la ẹnu yẹn.

Orúkọ náà ti wà lára rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ ọ́fíìsì. Láti kékeré ni. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó lọ bu omi wá, á bu omi wá o, ṣùgbọ́n á fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ pé òun ló wá sí ìyá òun lọ́kàn, tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n òun. Ìyá náà á wò ó títí, á ní, "Ọmọ yìí, ṣé inú orí mi lo fẹ́ wọ̀ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ló fẹ́ wọ̀. Nígbà tó dàgbà, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́: bí a ṣe ń rántí, bí a ṣe ń gbàgbé, bí ojú ṣe lè máa wo nǹkan kí ọkàn má sì rí i. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìlera ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n fún un ní tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nínú yàrá tí òun àti àwọn mìíràn jọ ń lò. Fáànù ibẹ̀ lágbára débi pé kò sẹ́ni tí kì í gbé òkúta lé ìwé rẹ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì náà kan kúrú. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ló wá fi pákó pẹlẹbẹ tì í nísàlẹ̀, ó sì bú ẹni tó kàn án.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n gbé iṣẹ́ ńlá lé Oníbéèrè lọ́wọ́. Ìdánwò tuntun ni, fún àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò máa wọn oògùn fún aláìsàn. Ìdánwò yìí ló máa sọ ẹni tó lè fọwọ́ kan ìgò oògùn àti ẹni tó yẹ kó padà sí kíláàsì. Òun nìkan ló kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbéèrè á wà lókè, ìdáhùn mẹ́rin á wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló tọ̀nà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sì mú èyí tó bá wù ú. Wọ́n gbé e lọ dán wò nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan, àbájáde rẹ̀ sì dùn mọ́ gbogbo ayé nínú. Ìdá tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ló yege. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́, bàbá kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, rìn wá sídìí tábìlì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Oníbéèrè, ẹ kú iṣẹ́. Kí ìdánwò yìí ṣáà ti jáde, ẹ̀yin lẹ máa di olórí ẹ̀ka yìí. Yàrá tó wà lápá ọ̀tún yẹn, tiyín ni."

Yàrá ọ̀hún ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì fi òkúta tẹ ìwé mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè mọ bí ilẹ̀kùn ṣe dùn tó. Oníbéèrè fẹ́ yàrá yẹn, kò sì fi pamọ́. Ó dé ilé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, káfíńtà sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní aya òun ò ní jókòó lórí àga tí ilé iṣẹ́ rà lọ́jà. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àga tuntun. Igi tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ló fi ṣe é.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń dúró kí gọ́ọ̀mù ara àga náà gbẹ. Ìwé ìdánrawò kan wà lọ́wọ́ Oníbéèrè, irú èyí tó máa ń kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n fi múra sílẹ̀. Káfíńtà na ọwọ́, ó gbà á.

"Kí ló tiẹ̀ ṣòro nínú èyí? Gbé bírò wá."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sá fún abẹ́rẹ́?"

"Mo ní gbé bírò wá jàre."

Ó ń súfèé, ó ń mú ìdáhùn, àfi bí ẹni tó ń mú ìṣó nínú agolo. Nígbà tó parí, Oníbéèrè gba ìwé náà, ó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ lásán. Ó ń fún un ní máàkì, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ọkọ rẹ̀, tí kò mọ orúkọ oògùn kankan yàtọ̀ sí ti ẹ̀fọ́rí, ti gba máàkì ju ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lọ.

"Bàbá wọn, ta ló kọ́ yín?"

"Ọlọ́run ni! Láti òní lọ, ẹ máa pè mí ní nọ́ọ̀sì. Aago mélòó ni mo ń wọṣẹ́?"

Obìnrin mìíràn ì bá rẹ́rìn-ín, kó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Oníbéèrè kọ́ ni yóò ṣe ìyẹn. Ó dìde, ó lọ mú ìwé ìdánrawò mìíràn wá, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ tún ṣe èyí. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ń lọ lọ́kàn yín, ẹ máa sọ ọ́ síta. Ẹ má tò ó, ẹ má tún un ṣe. Ẹ kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀."

Káfíńtà wúkọ́ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìwàásù. "Ó dáa. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń bi mí, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ní, 'Fún ọmọ náà ní oògùn.' Èyí kúrú jù, bí ẹni tó fẹ́ tètè máa lọ ilé. Ìkejì ní, 'Má fún un.' Òun náà ń kánjú. Ìkẹta ní, 'Kọ́kọ́ wo ìwọ̀n ọmọ náà, kí o fi wé ohun tó wà lára ìgò, àyàfi bí dókítà bá ti pa àṣẹ mìíràn.' Áà! Èyí ni. Ẹni tó kọ eléyìí, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má bàa bá a jà."

Oníbéèrè tún gba ìwé náà wò. Òótọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà á. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ ìbéèrè lẹ̀rù máa ń bà, pé akẹ́kọ̀ọ́ kan á dìde lọ́la, á ní ìdáhùn yín kò tọ́ délẹ̀délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi "àyàfi bí" àti "kí o sì" dáàbò bo ìdáhùn tó tọ́, tí wọ́n á sì já àwọn irọ́ sílẹ̀ ní kúkúrú. Nígbà tí wọ́n bá ṣe é tán, òótọ́ á gùn, irọ́ á kúrú, ẹni tó bá lójú lásán á yege. Nígbà tí iṣẹ́ padà bẹ̀rẹ̀, ó yọ ojúlówó ìdánwò náà jáde, ó gbé e síwájú fèrèsé, kò tiẹ̀ ka ìbéèrè. Ó kàn ń wo bí ìdáhùn ṣe gùn sí. Bákan náà ló rí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó dùn ún wọra. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í bàjẹ́ kó má dunni. Nígbà tó délé, káfíńtà rí ojú rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá wọn, ta ló mọ̀? Èmi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àga rẹ ti gbẹ."

Obìnrin náà wo àga ọ̀hún. Ó dán, apá rẹ̀ rọra tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ ènìyàn. Ká sọ pé èmi ni, mi ò lè búra pé mi ò ní dákẹ́. Yàrá onílẹ̀kùn kì í ṣe ohun tí ń kan ilẹ̀kùn ẹni lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n Oníbéèrè ní, "Bàbá wọn, bẹ́ ẹ bá lè yege, ẹnikẹ́ni lè yege. Ọjọ́ kan, ẹni tí kò mọ nǹkan kan á dúró ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọlọ́mọ, ìwé ẹ̀rí tí mo fún un á sì wà lápò rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá àgbà, ó sì là á mọ́lẹ̀. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ẹ gé àwọn ìdáhùn gígùn kúrú, kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ó parí."

"Ọ̀gá, kò parí. Gígùn ìdáhùn ni mo rí, mi ò mọ ohun mìíràn tó tún fara pamọ́ síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo mọ ibi tí àwọn ọmọ yẹn dé, mi ò mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà."

"Oníbéèrè, wọ́n ti kéde ìdánwò yìí. Bó bá pẹ́, àwọn tó wà lókè á gbé ìjókòó olórí ẹ̀ka yẹn fún ẹlòmíràn. Èmi nìkan kọ́ ni mò ń pinnu rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sílé ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ọmọ tó ṣe ipò kìíní bá ṣe dáadáa lójú wa, mo gbà, màá gé ìdáhùn kúrú."

Ọ̀gá kùn, ṣùgbọ́n ó bá a lọ.

Àṣíwájú làwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ tó ṣe ipò kìíní náà ń pè é. Ọmọ tó mọ́ tónítóní ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ó kí wọn dáadáa. Wọ́n jọ wọ yàrá ìdánrawò, níbi tí bẹ́ẹ̀dì kékeré kan wà àti ọmọláńgidi tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀. Oníbéèrè gbé ìgò omi kan kalẹ̀ àti sírìnjì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn inú ìgò náà jẹ́ mílígíráàmù ọgọ́rùn-ún nínú mìlílítà kan, dókítà sì ní kí wọ́n fún ọmọ ní àádọ́ta.

Ó ní, "Ọmọ mi, fa oògùn ọmọ yìí fún mi. Kí o sì máa sọ ohun tó bá ń lọ lọ́kàn rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ìdajì nìyẹn. Pọ́ìǹtì márùn-ún. Màá fa pọ́ìǹtì márùn-ún." Ó mú sírìnjì.

Bí ó ṣe mú un ni Oníbéèrè ṣe ohùn bíi ti ìyá ọmọ tí àyà ń já. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ mi ṣì lè mu ọmú?"

Àṣíwájú yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tù ú nínú dáadáa bí nọ́ọ̀sì tó níwà. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. "Márùn-ún," ó ní, "márùn-ún." Ó fa omi náà títí ó fi kan mìlílítà márùn-ún gbáko. "Mo ti parí, mà."

Ọ̀gá àgbà ò mọ̀ nípa oògùn, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ọmọláńgidi náà tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, ó ń wo òkè. Ẹlòmíràn ì bá ti pariwo lé ọmọ náà lórí. Oníbéèrè ò pariwo.

"Ó dáa. Tún sọ bí o ṣe dé ibẹ̀ fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, mà. Ìdajì. Pọ́ìǹtì már..." Ó wo sírìnjì. "Yéè! Mo gbé o! Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ!" Ó bú sẹ́kún.

Oníbéèrè fà á mọ́ra. "O ò pa ẹnikẹ́ni. Omi ni. Nu ojú rẹ. Ta ló fi àṣìṣe náà hàn ọ́? Ṣé èmi ni?"

"Rárá, mà. Èmi ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ síta."

Ẹ gbọ́ o. Ọmọ náà kì í ṣe òpè. Ọpọlọ èèyàn dà bí àtẹ́lẹwọ́ ni: ohun tó lè dì mú ò pọ̀. Bí ẹnì kan bá gbé nǹkan mìíràn lé e, ọ̀kan á já bọ́, èyí tó kéré jù ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ já. Oníbéèrè ti kà á nínú ìwé láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, ó ti fi ṣe ìdánwò, ó ti gba máàkì lórí rẹ̀. Ọjọ́ náà ló rí i tó já bọ́ lójú rẹ̀. Ó sì tún rí ohun kejì, èyí tí ò kà níbì kankan tó yé e báyìí: ohun tí ọwọ́ já sílẹ̀, ẹnu lè bá a he é.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń bá bọ̀, ọ̀gá àgbà yíjú sí Oníbéèrè. Ó wá ní, "Ẹ dá ìdánwò náà dúró." Nígbà tó yá, ó fi kún un pé, "Ẹ má bínú nípa ti ìjókòó yẹn."

Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Wọ́n mú ọkùnrin kan wá láti ẹ̀ka mìíràn, ó wọ inú yàrá onílẹ̀kùn, ó sì tì í. Káfíńtà gbé àga tuntun náà lórí wọ ọ́fíìsì, ó gbé e sídìí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ní ojú gbogbo wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ pé àga dáadáa gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn. Orí àga yẹn ni Oníbéèrè jókòó sí tó fi tún ìdánwò náà kọ. Nínú ìdánwò tuntun, kò sí ìdáhùn tí wọ́n ń mú. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró ti bẹ́ẹ̀dì, á wọn oògùn, á máa sọ ọ̀nà tó ń gbà síta, ẹnì kan á sì máa da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lẹ́nu. Wọn ò wo ibi tó dé nìkan. Wọ́n ń wò ó bóyá bí nǹkan bá já bọ́, á mọ̀ pé ó já bọ́.

Wọ́n fi í ṣẹ̀sín títí. Wọ́n ní ìdánwò aláròyé ni, wọ́n ní ṣé nọ́ọ̀sì là ń wá ni àbí lọ́yà. Ó gba gbogbo ẹ̀fẹ̀ náà, ó ń ṣàlàyé, ó ń gbé ìgò omi àti sírìnjì kiri inú ìpàdé, títí tí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n tí wọ́n sì gbà á. Kò pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ nídìí oògùn. Àwọn aláìsàn ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá arúgbó kan dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé èmi lò ń bú?" Nígbà tó yá, ó ti mọ́ wọn lára, wọ́n sì sọ àwọn nọ́ọ̀sì náà ní Asọ̀rọ̀ṣiṣẹ́.

Ọdún gorí ọdún. Oníbéèrè fẹ̀yìn tì, ó gbé àga rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tó ṣe, àìsàn gbé káfíńtà dè, ọkàn rẹ̀ ò lù dáadáa mọ́, wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan wọlé pẹ̀lú abọ́ oògùn, ó ń kùn lábẹ́ ẹnu.

"Dókítà ní ogún fún Dádì. Ìgò yìí, ọgọ́rùn-ún nínú mìlílítà kan. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Pọ́ìǹtì méjì."

Káfíńtà, àìsàn ò rí ẹnu rẹ̀ mú. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ dáadáa bíi tìrẹ, ṣé o ti lọ́kọ?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Háà, Dádì! Ẹ gbádùn ná, kẹ́ ẹ wá bá mi wá ọkọ." Ó yíjú padà, ó fa oògùn. "Méjì," ó ní.

Oníbéèrè rí i. Láti orí ìjókòó rẹ̀ ló ti rí bí sírìnjì náà ṣe kún sí. Ó dìde, ó na ọwọ́ láti dá a dúró. Nọ́ọ̀sì náà gbé sírìnjì sókè síwájú ojú ara rẹ̀. "Ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Pọ́ìǹtì... Rárá. Rárá o! Pọ́ìǹtì méjì ni mo sọ." Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó mú sírìnjì mìíràn.

Oníbéèrè padà jókòó, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ báyìí?"

"Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ má jẹ́ kẹ́rù bà yín. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Olùkọ́ wa ní ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ sókè kò gbọ́dọ̀ fà á sókè. Wọ́n sọ fún wa pé ọwọ́ àwọn náà fa oògùn ní ìlọ́po mẹ́wàá rí nígbà táwọn ń kẹ́kọ̀ọ́, níwájú ìyá kan tí kò pariwo mọ́ wọn. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn làwọn di nọ́ọ̀sì."

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Omijé dà lójú Oníbéèrè, kò sì nù ún. Inú rẹ̀ dùn, orí rẹ̀ wú, ó wú u lórí ju bí yàrá onílẹ̀kùn kankan ì bá ti ṣe lọ. Ọkọ rẹ̀ rèé tó ń mí.

Káfíńtà ò lè pa á mọ́ra. "Nọ́ọ̀sì, ìyá yẹn nìyí. Ìyàwó mi ni. Èmi gan-an ti yege ìdánwò rẹ̀ rí, mi ò sì ka ìbéèrè."

Ọmọbìnrin náà dúró, ẹnu rẹ̀ là, ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Wọn oògùn ọkọ mi ná," Oníbéèrè wí. "Sọ ọ́ sókè dáadáa, kí n gbọ́."

Nọ́ọ̀sì náà na ọrùn, ó sì sọ ọ́, gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́: "Ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Pọ́ìǹtì méjì."